Alárenà fún Ẹni tí Ń Wá Kíndìnrín

Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ gbé ìyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde lọ bá baba ọmọbìnrin pé kí ó fún òun ní ọmọ rẹ̀. Alárenà ni yóò rán, ẹni tí yóò fi ọgbọ́n lọ tí yóò fi sùúrù bọ̀, tí yóò gbé ọ̀rọ̀ dídùn lọ tí yóò sì gbé ọ̀rọ̀ kíkorò bọ̀ láìjẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí àwọn ará ilé ìyàwó tilẹ̀ kọ̀, ìdílé méjèèjì lè pàdé lọ́jà ní ọjọ́ kejì kí wọ́n sì kí ara wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun ńlá kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu ara ẹni tọrọ. Ó wá ń yà mí lẹ́nu pé nígbà tí ohun tí a fẹ́ tọrọ ju ìyàwó lọ, tí ó jẹ́ ẹ̀yà ara ènìyàn gan-an, ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ni a ń fi sílẹ̀ kí ó máa tọrọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àìsàn kíndìnrín ni mo mú wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé, mo sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò tìbú tòró, kì í ṣe bí oníṣègùn, bí kò ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìkòyí-Ilé àti ìgbèríko Oríire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ká lára. Kíndìnrín ni gbogbo wa ń pè é nísinsìnyí. Iwe ni ó wà nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní kò mọ̀ mọ́ àfi lára adìẹ. Méjì ni, wọ́n fi ara ti ẹ̀yìn lókè ìbàdí, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju ìkúùkù ọwọ́ lọ. Síbẹ̀, bí obìnrin ti ń sẹ́ ògì ni wọ́n ń sẹ́ nǹkan bí 180 lítà omi inú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń dá èyí tí ó dára padà sí ara, tí wọ́n sì ń fi ìtọ̀ tí kò ju lítà kan sí méjì lọ kó ìdọ̀tí jáde. Elédùmarè fi ọ̀kan lé ọ̀kan, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi ẹyọ kan ṣoṣo dé ogbó. Lórí èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àti àìsàn kan tí ń ba asẹ́ inú kíndìnrín jẹ́ ni àwọn oníṣègùn wa ń rí jù. Oògùn ara-ríro tí a sọ di guguru jíjẹ, àti àgbo tí ẹni tí ó sè é kò lè ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ń bù sí i. Ní òkè òkun, àwọn àgbàlagbà ni ó sábà máa ń mú. Ní tiwa, àwọn tí ó wà láàárín ogún ọdún sí àádọ́ta ni ó ń mú jù, àwọn tí oko ń pè, tí ọmọ wọn ṣì wà ní ilé-ìwé. Kì í sì í pariwo nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ẹsẹ̀ a wú díẹ̀, ìtọ̀ a máa hó bí ọṣẹ, oúnjẹ a máa rùn sí ènìyàn, a ó sì máa pè é ní ibà. Ìgbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí ó bá ní kíndìnrín méjèèjì kò ṣe tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ wọn mọ́, nígbà náà ni a ó mọ̀ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀nà méjì ni ó kù fún aláìsàn nígbà náà. Èkíní ni ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ dípò kíndìnrín, kò sì jìnnà sí wa púpọ̀. Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi ti dá ilé-ìwòsàn sílẹ̀ ní 1907, èyí tí ó di ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Bowen lónìí, tí ti Yunifásítì Ladoke Akintola sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá tíì rí aláìsàn tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ rí, kí ó di apá rẹ̀ mú. Níbi tí oníṣẹ́ abẹ ti so iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn pọ̀ mọ́ èyí tí ń gbé e padà, awọ ara a wú bí okùn tí a lọ́, bí ènìyàn bá sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, yóò gbọ́ ọ tí ó ń kùn hùùù, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí télọ̀ ń wà ní yàrá kejì. Kíkùn yẹn ni ìyè rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ kò ní rí ibi mú. Òùngbẹ tún wà níbẹ̀. Nínú ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ ètè gbogbo ènìyàn, ife kékeré kan ni wọ́n fi ń wọn omi fún aláìsàn yìí fún odindi ọjọ́ kan, ó sì lè jẹ́ pé ègé omi dídì kan ni yóò máa fi ahọ́n yí kiri kí ife náà má baà tètè tán, nítorí omi tí ó bá mu kò rí ọ̀nà jáde, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò lọ dúró sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ yìí, wákàtí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti dín owó rẹ̀ kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, tí UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. Ohun rere ni, kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ₦12,000 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦144,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin orílẹ̀-èdè fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000; a kò sì tíì ka owó ọkọ̀ láti Ìkòyí-Ilé dé Ìbàdàn, a kò ka abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, a kò ka oko tí koríko ti bò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n ń dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan, tí wọ́n sì ń dákẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí i lára. Ilé-ìwòsàn St Nicholas ní Èkó ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà ní ọdún 2000, Ilé-Ifẹ̀ sì ṣe tirẹ̀ ní 2002, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ bí àlọ́ láti ìlú òyìnbó mọ́. Ní ìlú òyìnbó, lára òkú ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ kíndìnrín tí wọ́n ń lò. Lọ́dọ̀ tiwa, alààyè nìkan ni ojú wà lára rẹ̀. Àwa tí a gbà pé baba lè padà wá ní Babátúndé kí ìyá sì padà wá ní Yétúndé, a kì í fẹ́ kí ohunkóhun dín kù lára ẹni tí a ń sin, èmi kò sì ní fi ìyẹn bú ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ àwọn amòfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí ó pàdé ní Jeddah ní 1988 fọwọ́ sí i pé kí ènìyàn fi ẹ̀yà ara ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ńláńlá náà kò sì lòdì sí i. Ṣùgbọ́n títí àṣà yóò fi yí padà, ẹni tí ń mí, tí ń rìn, tí ó ní ẹnu láti fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ni a ó máa wojú rẹ̀.

Ta ni ẹni náà? Ẹbí ni a kọ́kọ́ ń yíjú sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O lè fún ẹnikẹ́ni, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ AB lè gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí ni àmì mìíràn wà lára ẹran-ara wa tí a jogún, ìdajì láti ọ̀dọ̀ baba, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Òbí àti ọmọ bára mu ní ìdajì ní gbogbo ìgbà. Ní ti ọmọ baba kan ìyá kan, nínú mẹ́rin, ọ̀kan lè bá aláìsàn mu pátápátá, méjì a bá a mu ní ìdajì, ẹ̀kẹrin lè jẹ́ àjèjì sí i bí ẹni tí a pàdé lọ́nà ọjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí aláìsàn bá ti ní ìbejì, wàhálà tán. Àwa tí Igbó-Ọrà wà ní ìpínlẹ̀ wa, níbi tí àwọn oníwádìí ti rí nǹkan bí ìbejì 45 nínú 1,000 ìbímọ, a gbọ́dọ̀ mọ èyí: ẹyin méjì ni ó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Táyéwò àti Kẹ́hìndé wa, kì í ṣe ẹyọ kan tí ó pín sí méjì, nítorí náà ìbátan wọn nínú ẹran-ara kò ju ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán lọ.

Ohun méjì sì wà tí ń ba wíwá yìí jẹ́ fún wa jù. Ìkíní ni ẹ̀jẹ̀ tí a máa ń fà sí aláìsàn lára. Àìsàn yìí ń sọ ènìyàn di aláìlẹ́jẹ̀, bí kò bá sì sí owó abẹ́rẹ́, páìǹtì ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbé kọ́. Páìǹtì kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ara láti máa bá ẹran-ara ẹlòmíràn jà, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àbúrò bá dé láti fi kíndìnrín rẹ̀ sílẹ̀, ara aláìsàn ti di ọ̀tá rẹ̀ ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni abiyamọ: oyún tí ó gbé ti mú kí ara rẹ̀ mọ àmì ọkọ rẹ̀, ó sì lè kọ kíndìnrín ọkọ náà, bí ìfẹ́ tilẹ̀ pọ̀ láàárín wọn.

Èkejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, àwọn oníwádìí rí i pé apilẹ̀ àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 ní ẹ̀yà méjì tí ó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó sì wọ́pọ̀ gidigidi láàárín àwa Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn ti fi hàn. Ohun tí ó gbà wá lọ́wọ́ ikú nígbà kan rí ni: ó ń pa kòkòrò àrùn oorun tí eṣinṣin inú igbó ń gbé kiri, bóyá òun ni ó sì jẹ́ kí àwọn baba ńlá wa la igbó já. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba, tí ó sì tún jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2024, èyí tí ó kan ènìyàn tí ó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà, tilẹ̀ fi hàn pé ẹyọ kan pàápàá ń dá kún ewu náà. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àbúrò tí ó bára mu jù lọ, tí ara rẹ̀ le lónìí, lè gbé ohun tí ó ba kíndìnrín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ sínú ara tirẹ̀. Nítorí náà èmi kò fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé àyẹ̀wò dókítà ti pọ̀ jù. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n yẹ jẹnotáìpù àti mẹ́dọ̀wú wò, kí wọ́n ya àwòrán iṣan kíndìnrín, bí ọ̀nà bá sì wà, kí wọ́n yẹ APOL1 wò pẹ̀lú. Òkèèrè ni a ti ń wo igi gogoro kí ó má baà gún ni lójú.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ títọrọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Bí ìpàdé ẹbí ṣe máa ń rí lórí ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Wọn a tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Baálé ilé a jókòó, àwọn ọmọ-osú a wà lápá kan, àwọn ìyàwó ilé a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aláìsàn wà níbẹ̀, ó wú lójú, ó fi gèlè tàbí agbádá bo apá tí ń kùn. Baálé a ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀gbọ́n yín rèé o." Gbogbo ilé a sì pa rọ́rọ́. Ojú gbogbo ènìyàn a lọ sí ara ọmọ kan, ó sì máa ń jẹ́ èyí tí kò tíì ní ìyàwó, tàbí èyí tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí èyí tí ẹ̀gbọ́n náà rán lọ sí ilé-ìwé. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju pàṣán lọ. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a kò mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ẹni àfọwọ́tọ́ka ní agboolé títí ayé. Mo ka irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sí àṣìṣe ńlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni ó pè é.

Ẹ jẹ́ kí a fi tàwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é yọrí wé e. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1954, ní ilé-ìwòsàn Peter Bent Brigham ní Boston, dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n sì fi í sí ara Richard, ìkejì rẹ̀, ẹni tí ikú ti ń rùn lára rẹ̀. Ìbejì olójú kan náà ni wọ́n, wọ́n tilẹ̀ mú wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n fi ìtẹ̀ka wọn dán an wò. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, Richard tí ń kú lọ kọ ìwé pélébé kan sí Ronald pé kí ó jáde níbẹ̀, kí ó máa lọ sílé rẹ̀; Ronald sì dá a lóhùn pé òun wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni òun yóò sì wà. Mo máa ń ronú lórí ìwé pélébé yìí. Aláìsàn ṣí ilẹ̀kùn fún olùfúnni láti jáde, nítorí pé ilẹ̀kùn náà sì ṣí sílẹ̀ ni dídúró Ronald fi jẹ́ ẹ̀bùn. Richard gbé ọdún mẹ́jọ sí i, ó fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, ó sì bímọ. Ronald fi kíndìnrín kan gbé títí di 2010, ẹni ọdún 79 ni kí ó tó jáde láyé.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà Johns Hopkins ní Baltimore ṣàkíyèsí pé ẹnu aláìsàn wúwo láti tọrọ kíndìnrín. Wọ́n wá dá ètò kan sílẹ̀ pé kí aláìsàn mú ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan kan wá, kí wọ́n kọ́ ẹni náà ní ohun tí àìsàn yìí jẹ́, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ kiri dípò aláìsàn. Àwọn tí ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí olùyọ̀ǹda ju àwọn tí kò ní lọ. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo ní alárenà ni wọ́n yàn yìí! Ohun tí ó wà nínú àpò wa ni òyìnbó wá ṣe àwárí rẹ̀.

Alárenà yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a lè wo ojú rẹ̀ fún kíndìnrín, kí ó má baà dà bí ẹni tí ń ti ẹlòmíràn síwájú. Kí ó jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ: aya pásítọ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, àbúrò ìyá. Kí ó lọ bá ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní oko, ní ìsọ̀, ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ó sọ ewu rẹ̀ kí ó tó sọ èrè rẹ̀. Bí ẹni náà bá sì kọ̀, kí ó mú kíkọ̀ náà lọ sí sàréè. Kí ó wí fún ilé pé àyẹ̀wò kò bára mu. Àwọn dókítà ní òkè òkun ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá fẹ́ yí ọkàn padà, wọn a kàn ní kò yẹ ní fífúnni, wọn kì í sọ ìdí.

Níbi tí a kò bá ti mọ̀ ọ́n tọrọ, rírà ni ó kù, rírà sì ń pa ilé run. Gbogbo wa ni a gbọ́ ti Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu, ẹni tí ó ti jẹ́ igbákejì ààrẹ ilé aṣòfin àgbà rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní àìsàn kíndìnrín. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tajà ní ọjà Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì wí fún àwọn dókítà ilé-ìwòsàn Royal Free pé ìbátan ọmọbìnrin náà ni. Àwọn dókítà rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un kò yé e dáadáa, wọ́n sì kọ̀. Ní 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin náà tọ àwọn ọlọ́pàá lọ. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ilé ẹjọ́ Old Bailey rán sẹ́nétọ̀ náà ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ, ìyàwó rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀, dókítà tí ó ṣe agbódegbà ní ọdún mẹ́wàá. Ilé ẹjọ́ dá ọmọbìnrin náà láre. Mo bá ìyá àti baba náà kẹ́dùn, nítorí kò sí òbí tí yóò ká ọwọ́ lẹ́rán kí ọmọ rẹ̀ máa kú lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òbí pẹ̀lú. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí a ra ẹ̀yà ara tàbí kí a tà á. Owó tí olùfúnni fi wọkọ̀ àti èyí tí ó fi tọ́jú ara nìkan ni a lè dá padà fún un.

Ẹ̀tọ́ olùfúnni ni ó kù, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Bí aláìsàn bá ti ń jó, gbogbo ilé a tẹ̀lé e, a ó gbàgbé ẹni tí ọgbẹ́ wà ní ìhà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú 10,000 ni ikú máa ń mú lọ nínú oṣù mẹ́ta lẹ́yìn fífúnni nígbà kan, ó sì ti dín kù gan-an báyìí. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nǹkan bí 75 nínú 10,000 olùfúnni aláwọ̀ dúdú ni kíndìnrín tí ó kù fún wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì iye gbogbo olùfúnni lápapọ̀ lọ. Obìnrin tí ó bá fúnni kí ó tó bímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè bá 11 nínú 100 wọn, nígbà tí kò ju 5 lọ láàárín àwọn tí kò fúnni. Kékeré ni àwọn iye yìí, wọn kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má fúnni. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí alárenà fi ẹnu kà wọ́n, kí ilé sì máa sanwó àyẹ̀wò olùfúnni lọ́dọọdún títí ayé rẹ̀, bí wọ́n ti ń sanwó oògùn aláìsàn.

Àwa ará Ìkòyí, a máa ń yangàn pé ọmọ Ẹ̀ṣọ́ ni wá, pé nínú àádọ́rin Ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ìlú fún Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, kò sí èyí tí ń gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n ti ń gba ọgbẹ́. Oríkì wa nìyẹn, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́nu mi. Síbẹ̀ ó dùn mí nígbà tí wọ́n bá ń fi oríkì yìí ki ọmọdékùnrin tí ẹ̀rù ń bà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó baà lè gbà. Ẹ̀ṣọ́ mọ ogun tí ó ń lọ, òun ni ó sì gbé ọrun rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tí ń ka ìwé yìí, bí ẹnì kan bá wà ní agboolé rẹ tí dókítà ti wí fún pé kíndìnrín rẹ̀ ń rẹ̀yìn, má ṣe dúró di ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò gbà á. Lọ jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ yìí, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ yín, kí o sì wí fún un pé kí ó fi ọ̀rọ̀ títọrọ náà lé ọ lọ́wọ́.